Ìkànnì Tí Ẹ̀gbọ́n Fi Sílẹ̀

Ẹni tó bá ní òkú kì í fèsì, ẹ sọ fún un pé kò tíì dé ṣọ́ọ̀bù bàtà tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí. Òkú kan wà níbẹ̀ tó ń fèsì lójoojúmọ́ ayé. Béèyàn bá kọ̀wé sí i, kéèyàn tó ṣẹ́jú pẹ́ú, ó ti dáhùn. Òun náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìgbéyàwó kan ká kí wọ́n tó dá ọjọ́ ẹ̀ rárá.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ò tóbi. Tábìlì iṣẹ́ kan, òórùn awọ àti gúlúù, ògiri tó kún fún ẹsẹ̀ onígi tí wọ́n fi ń na bàtà. Ọkùnrin tó ń rán bàtà níbẹ̀, Aránbàtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyá ẹ̀ ló ń wọn ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà, kò sì sẹ́lòmíì tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ yẹn. Màmá á ní kó o bọ́ bàtà, á tẹ́ bébà sílẹ̀, wàá gbé ẹsẹ̀ lé e, á wá fi pẹ́ńsùlù yí i po díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yàwòrán ọmọ tuntun. Á kọ orúkọ ẹ sí i, á tọ́jú ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Ó máa ń sọ pé òun lè gbàgbé ojú èèyàn, àmọ́ òun ò jẹ́ gbàgbé ẹsẹ̀.

Àkọ́bí Màmá ló ṣe ìkànnì ṣọ́ọ̀bù náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n ni tilé-toko ń pè é. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ló mú un lọ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ìkànnì ò bá a lọ ní tiẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ títí ilé iṣẹ́ tó gbà á sórí kọ̀ǹpútà wọn fi kọ̀wé pé kóòdù tó wà nínú ẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ tó ń darí ẹ̀, ti gbó, pé tó bá di oṣù mẹ́fà sí i, àwọn á tì í pa. Bí wọ́n ṣe pe ọmọbìnrin oníṣẹ́ ìkànnì nìyẹn. Ọmọ Kọ̀ǹpútà ni Màmá sọ ọ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

"Ìwọ lo máa tún un ṣe?" Aránbàtà bi í, òòlù lọ́wọ́ ẹ̀.

"Èmi ni. Ṣé mi ò jọ ọ́ ni?"

"O jọ ọ́. Bàtà ẹ ni ò jọ ọ́. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti ń la ẹnu."

Ọmọ Kọ̀ǹpútà wolẹ̀. Òótọ́ ni! Ojú tì í débi pé ó rẹ́rìn-ín. Aránbàtà gba bàtà náà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an, bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan lásán ni ọmọbìnrin yìí fi dúró ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀ fún Aránbàtà, oníbàárà ẹ̀ tuntun.

"Ọ̀nà méjì ló wà," ó ní. "Mo lè ṣe ìkànnì tó kàn dúró bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Èèyàn á kà á, á bá tiẹ̀ lọ. Tàbí kí n ṣe èyí tó ń dáhùn. Oníbàárà á kọ ìbéèrè, ọ̀rọ̀ ẹ̀ á lọ bá kọ̀ǹpútà ńlá kan lọ́nà jíjìn, tí wọ́n ń pè ní sáfà. Kóòdù tó wà níbẹ̀ á kà á, á fèsì, á sì tọ́jú ohun tó sọ."

"Èwo ni Ẹ̀gbọ́n ṣe?"

"Èyí tó ń dáhùn."

"Ìwọ ńkọ́, èwo lo máa yàn?"

"Bó bá jẹ́ tèmi ni, èyí tó dúró. Wàhálà ẹ̀ kéré."

Lẹ́yìn wọn, pẹ́ńsùlù já bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Kò sẹ́ni tó fura.

Láti kó ìkànnì kúrò níbì kan lọ síbòmíì, dandan ni kéèyàn wo inú ẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọmọ Kọ̀ǹpútà jókòó sídìí iṣẹ́, ó ṣí ibi tí sáfà ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn sí. Ó rò pé ìbéèrè nípa awọ àti bàtà gígùn lòun máa bá. Ó bá wọn lóòótọ́, wọn ò pọ̀. Èyí tó pọ̀ wá látorí fóònù kan ṣoṣo, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, fún ọdún mẹ́rin.

"Ọmọ mi, òjò rọ̀ lónìí. Òrùlé ń jò síbi tó o máa ń jókòó."

"Ọmọ mi, àbúrò ẹ ò jẹun dáadáa."

"Ọmọ mi, mo rí ẹnì kan lójú títì, ẹ̀yìn ẹ̀ jọ tìẹ. Mo tẹ̀ lé e títí ó fi rẹ̀ mí."

Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni èsì wà. Méje péré ni Ẹ̀gbọ́n kọ sínú kóòdù, ẹ̀rọ sì ń fi wọ́n fèsì lọ́kọ̀ọ̀kan: "A ti gbọ́ o, ẹ ṣé tí ẹ yà sọ́dọ̀ wa." "Ẹ fọkàn balẹ̀, a wà lẹ́nu ẹ̀." "Ẹ padà wá lọ́la, ẹ ó bá wa níbí." Èsì oníbàárà ni o, kò kan tìyá-tọmọ. Àmọ́ ẹ gbé èyí tó kẹ́yìn yẹn sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìyá tó tẹ̀ lé àjèjì lójú títì, kẹ́ ẹ wá sọ bó ṣe rí lára yín. Ọmọ Kọ̀ǹpútà pa kọ̀ǹpútà dé, ó dìde, ó mu omi. Lẹ́yìn náà ó tún ṣí i.

Èsì kẹjọ kan tún wà. Ẹ̀gbọ́n ṣètò ẹ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá kọ "ó dàbọ̀," òun ni kó jáde. Kò tíì jáde rí. Ta ló ń dágbére fún ẹ̀rọ? Màmá náà, ní gbogbo ọdún mẹ́rin yẹn, kò kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ Kọ̀ǹpútà kà á, ó mí kanlẹ̀, ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọjọ́ yẹn ló yí ìpinnu ẹ̀ padà.

"Èyí tó ń dáhùn ni màá ṣe," ó sọ fún Aránbàtà. "Màá kó gbogbo ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n sínú kóòdù tuntun, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹnì kan wà tó ń bá a sọ̀rọ̀."

Aránbàtà ò wojú ẹ̀. "Mo mọ̀. Aago mẹ́rin. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ lu òòlù nígbà yẹn, kí n má baà gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí."

Bàtà ló kọ́kọ́ bàjẹ́ tó mú wọn ríra, lẹ́yìn náà kóòdù ló bàjẹ́, lẹ́yìn náà kò sóhun tó bàjẹ́ mọ́, síbẹ̀ wọ́n ń ríra. Ọmọ Kọ̀ǹpútà á ní òun wá yàwòrán bàtà fún ìkànnì. Aránbàtà á ní àwòrán àná ò dáa tó. Irọ́ gbuu! Nígbà tó di oṣù kẹta, ọkùnrin náà nu ọwọ́ ẹ̀ mọ́ épírọ̀n, ó ní:

"Mo fẹ́ rán bàtà fún ẹ. Tuntun. Èyí tó o máa wọ̀ lọ́jọ́ tá a bá ń ṣègbéyàwó."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ fún obìnrin pé wọ́n fẹ́ fẹ́ ẹ nìyí? Ṣé ẹsẹ̀ lo kọ́kọ́ rí ni?"

"Ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó ní òun gbà. Bàbá ẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkànnì náà, ó yọ gíláàsì ojú ẹ̀. "Ilé tí òkú ti ń fèsì lo fẹ́ wọ̀? Ta ni olórí ilé níbẹ̀, ọkọ ẹ ni àbí ẹ̀rọ?" Àmọ́ nígbà tó rí bí ojú ọmọ ẹ̀ ṣe ń dán, ó gbé gíláàsì padà sójú, ó ní kí wọ́n lọ bi ìyá ọkọ.

Wọ́n lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí oníbàárà.

"Màmá," Aránbàtà ní, "ẹ bá mi wọn ẹsẹ̀ ẹ̀. Bàtà ìgbéyàwó wa ni."

Màmá gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀. "Mi ò wọ̀n ọ́n."

"Màmá!"

"Ẹni tó fẹ́ pa ẹnu ọmọ mi dé lo fẹ́ fi ṣaya? Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá. Ó ní bó bá jẹ́ tòun ni, èyí tó dúró. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sin ọmọ. Mi ò ní jókòó kí ìyàwó ilé tún un sin níṣojú mi."

"Màmá, mo ti yí i padà," Ọmọ Kọ̀ǹpútà kúnlẹ̀. "Gbogbo ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n ni mò ń kó bọ̀. Kò ní dín ẹyọ kan."

"Ẹnu tó o bá ṣe, ẹnu tìẹ ni. Kì í ṣe tiẹ̀."

"Ẹ̀rọ ni, Màmá," Aránbàtà ní.

"Ṣé ẹni tó ń bá fọ́tò sọ̀rọ̀ ò mọ̀ pé bébà ni? Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Mi ò ya wèrè." Ó yíjú sí dúrọ́ọ̀, ó tì í pa. Bébà ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n wà nínú ẹ̀, gbogbo ilé ló mọ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló wá di alárinà. Àbúrò Màmá ni, obìnrin tó fi ogójì ọdún tọ́jú aláìsàn, tí ẹnu ẹ̀ sì dùn bí oyin. Ó lọ, ó bọ̀, ó bẹ̀bẹ̀ lówùúrọ̀, ó bẹ̀bẹ̀ lálẹ́. Oṣù méjì kọjá. Màmá ò yí. Ní ọ̀sẹ̀ kan, Àǹtí wá bá Ọmọ Kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ ẹ̀, ó fa àga, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìwọ lo ni kọ́kọ́rọ́ ẹnu ẹ̀rọ yẹn, àbí? Jẹ́ kó bá wa sọ ọ́. Gbólóhùn kan péré. Kó ní, 'Màmá, ẹ gbà fún wọn.' Ọ̀rọ̀ bùṣe."

"Àǹtí! Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rù Ọlọ́run."

"Mò ń bẹ̀rù ẹ̀ dáadáa. Irọ́ tí mo ti pa fún aláìsàn, ó ju irun orí mi lọ, púpọ̀ nínú àwọn tí mo pa á fún ló sì rí oorun sùn."

Ọmọ Kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá ti wọ etí, ó ń wá ibi jókòó sí. Nígbà tí iṣẹ́ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó parí, ó tún wo ọ̀rọ̀ tí Màmá kọ lánàá, ohun tó bá níbẹ̀ rèé: "Ọmọ mi, mo gbọ́ tí àbúrò ẹ ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀. Inú bí mi pé ó ń rẹ́rìn-ín. Irú ìyá wo ni mí?" Èsì tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni, "Ẹ fọkàn balẹ̀, a wà lẹ́nu ẹ̀."

Ó sunkún. Àánú Màmá ṣe é, àánú ara ẹ̀ náà ṣe é. Ó wá rò ó pé gbólóhùn kan ṣoṣo ló lè tú obìnrin yìí sílẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ ẹ̀, ojú ewé méjì ni wọ́n máa ń ṣí. Ọ̀kan jẹ́ ẹ̀dà tó wà lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, tí wọ́n ti ń dán nǹkan wò, kò sẹ́ni tó ń rí i. Èkejì ni ti sáfà gan-an, èyí tí gbogbo ayé ń lò. Méjèèjì jọra bí ìbejì, àfi ọ̀rọ̀ kékeré kan lókè. Ọmọ Kọ̀ǹpútà ní òun kàn fẹ́ wò ó lórí ẹ̀dà ni. Ó kọ ọ́: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà kí àbúrò mi fẹ́ ọmọ yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n láyọ̀." Ó tẹ bọ́tìnì. Ó jókòó, ó ń wò ó, bí ẹni ń wo aṣọ tí kò lówó ẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ojú tì í, ó nù ún, ó dá èsì àtijọ́ padà. Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè wo ọ̀rọ̀ kékeré yẹn.

Sáfà gan-an ni.

Aago ògiri ti kọjá mẹ́rin. Ó sáré ṣí ibi ọ̀rọ̀. Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjì, Màmá ti kọ ọ́ pé, "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ń dùn mí lónìí." Ẹ̀rọ sì ti dá a lóhùn: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà kí àbúrò mi fẹ́ ọmọ yẹn." Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ méjì péré ló tún wọlé.

"Ìwọ ni?"

Èsì àtijọ́ ló dá ìyẹn lóhùn: "A ti gbọ́ o, ẹ ṣé tí ẹ yà sọ́dọ̀ wa."

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú ijó. "Ó ti gbà! Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run! Ó ní kí wọ́n dá ọjọ́!" Aránbàtà gbé Ọmọ Kọ̀ǹpútà sókè níwájú gbogbo èèyàn. Ọmọbìnrin náà di mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ara ẹ̀ tutù bí yìnyín. Wọ́n dá ọjọ́. Ẹsẹ̀ nìkan ni Màmá ò tíì wọ̀n. Ó ní kò tíì yá.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń da ọmọbìnrin yìí láàmú o. Látọjọ́ tí Màmá ti kọ "Ìwọ ni?", kò kọ nǹkan kan mọ́. Tó bá ti ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, Ọmọ Kọ̀ǹpútà á ṣí sáfà, á jókòó tì í. Mẹ́rin á lù. Kò sí nǹkan. Ọdún mẹ́rin tí òjò ò dí i lọ́wọ́, tí àìsàn ò dí i lọ́wọ́, ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré ló wá dí i lọ́wọ́. Tó bá ń fọ ojú, ó ń gbọ́ ọ: ìwọ ni? Tí Aránbàtà bá pè é látẹ̀yìn, á ta gìrì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé Ẹ̀gbọ́n, tóun ò rí sójú rí, ń bi òun léèrè pé ta ló yá ẹnu òun lò.

Ó sọ ọ́ fún Aránbàtà. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín awọ.

"Má sọ fún wọn," ó ní nígbẹ̀yìn. "Mo bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti gbà. Tó o bá sọ ọ́, a ti tú ká nìyẹn."

"Tí mi ò bá sọ ọ́, irọ́ ló fẹ́ mi fún ẹ. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ṣebí ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Ṣé ká ti bímọ kó tó bá wa?"

"O ò fẹ́ mi mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ ẹ débi pé mo jalè torí ẹ," ó ní. "Jẹ́ kí n lọ dá a padà."

Ọjọ́ tí wọ́n máa ti sáfà àtijọ́ pa ló lọ. Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù. Màmá jókòó sídìí dúrọ́ọ̀, fóònù lórí itan. Ọmọ Kọ̀ǹpútà kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo ẹ̀, ó sọ ti Àǹtí, ó sọ ti ojú ewé méjì, ó sọ pé òun ka gbogbo lẹ́tà wọn. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Nígbà tó parí, ohùn òòlù pàápàá ti dákẹ́ nínú yàrá kejì.

"Mo mọ̀," Màmá ní.

"Ẹ mọ̀?"

"Ìgbà wo ni ọmọ yẹn sọ 'ẹ jọ̀ọ́' fún mi rí láyé ẹ̀? 'Màmá, ẹ wá jẹun. Màmá, ẹ pa iná, ẹ lọ sùn.' Bíi kó jẹ́ òun ló bí mi. Mo rí 'ẹ jọ̀ọ́,' mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Àmọ́ àyà mi já náà, mo bi í léèrè." Ó nu ojú ẹ̀. "Ìṣẹ́jú kan ni mo fi gbà gbọ́, Ọmọ Kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú kan péré. O ò mọ nǹkan tó o ṣe fún mi nínú ìṣẹ́jú yẹn."

Ọmọbìnrin náà dojú bolẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, Màmá. Kí ló wá dé tí ẹ fi gbà?"

"Kí n lè mọ irú ẹni tó o jẹ́. Mo rí i pé o yára nù ún, torí èsì àtijọ́ ló tún dá mi lóhùn. Mo ní, ẹni tó jí nǹkan tó sì dá a padà sílé, ó máa wá jẹ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ kọkànlélógún rèé tí mo ti ń retí ẹ. Ká ní o jẹ́ kó dọjọ́ ìgbéyàwó, màá dìde láàárín àwùjọ, màá sì tú u ká."

Aago lù. Mẹ́rin.

"Ṣé lónìí ni wọ́n máa tì í?"

"Lónìí ni, Màmá. Tuntun ti wà nílẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ wọn wà nínú ẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kó dákẹ́, màá sọ ọ́ di èyí tó kàn dúró. Ẹnu yín ni mo ń wò."

Màmá gbé fóònù, ó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ó pẹ́. Ọmọ Kọ̀ǹpútà gbé ojú kúrò. Fóònù dún. Màmá wò ó, ó sún un mọ́ ojú, ó tún un kà.

"Ṣé ìwọ náà lo kọ èyí?"

Ọmọ Kọ̀ǹpútà gba fóònù. Màmá ti kọ ọ́ pé, "Ọmọ mi, ó rẹ̀ mí. Ó dàbọ̀." Lábẹ́ ẹ̀ ni èsì kẹjọ wà: "Ó dàbọ̀ o, ẹ rọra máa rìn. Bàtà tuntun máa ń ta ẹsẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ ṣe sùúrù fún un, á bá ẹsẹ̀ mu."

"Rárá, Màmá," ó ní, omi ń dà lójú ẹ̀. "Èmi kọ́. Ẹ̀gbọ́n ló kọ ọ́, látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ ò dágbére fún wọn rí ni."

Màmá sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá túfọ̀ fún, ó sunkún títí, Aránbàtà sì jáde wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé. Nígbà tó yá, ìyá náà fa dúrọ́ọ̀ ṣí. Ó yọ bébà ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n tó ti pọ́n létí, ó gbé e sórí tábìlì, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ. Ó wá yọ bébà funfun kan, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó wá pẹ́ńsùlù.

"Ìyàwó mi," ó ní, "bọ́ bàtà, gbé ẹsẹ̀ ẹ wá."